Ta ni wọ́n ṣe é fún? Bí a ṣe ń ra báínókúlà tí a ó fi máa wo ẹyẹ

Báínókúlà tí mo kọ́kọ́ rà, "30x60" ni wọ́n kọ sí i lára pẹ̀lú lẹ́tà wúrà gàdàgbà. Gíláàsì iwájú rẹ̀ pupa bí ojú ẹni tó mu ẹmu mọ́jú. Ẹni tó tà á fún mi búra pé bí mo bá dúró sí Mọ́kọ́lá, màá rí eṣinṣin lórí ẹran ní Bódìjà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sanwó. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ wo agbe kan lórí igi. Mo rí ewé, mo rí ojú ọ̀run, mo rí ìpéǹpéjú ara mi. Kí n tó rí agbe, ó ti fò lọ, orí sì ti ń fọ́ mi.

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹyẹ kankan lọ́kàn ẹni tó ṣe báínókúlà yẹn. Ẹni tó máa rí nọ́ńbà ńlá tí yóò sì fa owó yọ ló ń bá sọ̀rọ̀, èmi gan-an sì ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé awò kan dání, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé ta ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí? Ibi tí owó oníbàárà bá gbà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń tọ̀. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tí wọ́n ń wá owó rẹ̀, ẹ ó tètè mọ̀ bóyá tiyín wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára báínókúlà: 8x42, 10x42, 7x50. Ti àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó fi ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹyẹ tó wà ní mítà 80, bí ẹ bá fi 8x wò ó, yóò dà bíi pé mítà 10 ló wà. Ti ìkejì ni bí gíláàsì iwájú ṣe fẹ̀ tó, ní mìlímítà. Ẹ wá fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkejì: 42 tí a fi 8 pín, ó jẹ́ 5.25. Bí òbíríkítí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú yín ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, mìlímítà 5 ó lé díẹ̀.

Ọmọlójú ènìyàn kì í wà bákan náà ní gbogbo ìgbà. Nínú oòrùn ọ̀sán ó lè fún dé mìlímítà 2 tàbí 3. Lókùnkùn, ti ọ̀dọ́ lè là dé 7, ti àgbà kì í sábà ju 5 lọ mọ́. Ibí yìí ni ẹ ti máa rí ẹni tí wọ́n ṣe awò kọ̀ọ̀kan fún. Awakọ̀ ojú omi ló ni 7x50, torí pé bí ọkọ̀ bá ń fì, ojú kì í tètè bọ́ sẹ́yìn òbíríkítí tó fẹ̀ tó mìlímítà 7. Ọdẹ ilẹ̀ Jámánì àti Ọ́sítríà, ẹni tó ń jókòó sórí àtẹ̀gùn gíga de ẹlẹ́dẹ̀ igbó lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ló ni 8x56. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀, tó sì ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé e lé, ló ni 15x70. Ẹni tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ló ni 10x25 tó ń wọ àpò ṣòkòtò. Mìlímítà 2.5 péré ló ń fún un, bẹ́ẹ̀ nínú igbó ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, inú rẹ̀ á ṣókùnkùn bí inú àgbá.

Fún ẹyẹ, ọjà ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tipẹ́: 8x42 ló ń ṣíwájú, 10x42 tẹ̀lé e, 8x32 wà fún ẹni tí ọrùn ń ro.

Bí nọ́ńbà kan bá fu yín lára, ẹ wọ̀n ọ́n. Mo gba rúlà lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́jọ́ kan, mo fi wọn gíláàsì iwájú "30x60" mi. Mìlímítà 24 ni. Mo wá kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo na ọwọ́ jìnnà sí ojú, mo rí òbíríkítí funfun méjì nínú gíláàsì ẹ̀yìn. Mo gbé rúlà lé ọ̀kan: mìlímítà 3. Ẹ fi 3 pín 24. Ohun tí mo sanwó 30 lé lórí, 8x24 ni, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé. Iṣẹ́jú méjì ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo lè ti ṣe é ní iwájú ẹni tó tà á.

Ti gíláàsì pupa yẹn náà ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ pupa tó yẹ kó wọlé ni ọ̀dà orí gíláàsì náà ń lé padà síta, òun ló fi ń dán gbinrin. Ohun tó kù tó dé ojú yín á wá tutù bí omi ewé. Orí tábìlì ni wọ́n ṣe é pé kó ti dára. Èyí tó ní nọ́ńbà mẹ́ta, bíi 10-30x50, tí wọ́n ní ẹ lè máa fà á súnmọ́ ẹ lè máa tì í sẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: 8 ni àbí 10?

Èrò tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé 10 ju 8 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà, ìlọ́po 10 ni yóò gbọ̀n. Ohun tí ẹ ń rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò sì dín kù, ìmọ́lẹ̀ náà yóò dín kù: 42 tí a fi 10 pín jẹ́ 4.2. Nínú igbó wa tí ewé bo ojú ọ̀run, tí ẹyẹ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, 8 ni mo máa ń ní kí ènìyàn rà. Etí ọ̀sà, etí òkun, tàbí pápá gbalasa bíi ti Yankari, 10 dára níbẹ̀, torí ẹyẹ jìnnà, ó sì máa ń dúró.

Ọ̀rọ̀ 7x42 ló máa jẹ́ kí ẹ mọ bí ọjà yìí ṣe ń rìn. Àwọn àgbà òǹwẹyẹ, ìyẹn àwọn tó ń wo ẹyẹ, ní Yúróòpù, ẹ bi wọ́n léèrè awò tó dùn wọ́n jù lọ láyé wọn, ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ Dialyt 7x42 ti ilé-iṣẹ́ Zeiss. Ìmọ́lẹ̀ mìlímítà 6, àwòrán tó dúró wámúwámú, ìwọ̀n ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 150 lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá wo ibi tó jìnnà tó mítà 1,000. Ilé-iṣẹ́ Leica ṣe tirẹ̀, ti Swarovski náà ṣe tirẹ̀. Lónìí, Zeiss ti dá 7x42 dúró, Swarovski ti dá SLC 7x42 tirẹ̀ dúró. Kí ló dé? Nígbà tí oníbàárà bá dé iwájú káńtà, tó rí 7 àti 8 àti 10 lórí ìlà kan náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í lọ sí 7. Ẹnu ni wọ́n fi yìn ín, owó wọn kò tẹ̀lé ẹnu wọn. Ilé-iṣẹ́ kò sì lè fi oríyìn san owó òṣìṣẹ́.

Èrè wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá gbọ́n: 7x42 tòkunbọ̀ máa ń wọlé ní owó tó kéré sí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ Dialyt ni ẹ rí, ẹ wá lẹ́tà P lẹ́gbẹ̀ẹ́ T* lára rẹ̀. Mo máa tó sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n gan-an, yálà ọjọ́ orí ni o tàbí àìsàn, Canon ti ń ṣe èyí tó ń lo bátìrì láti mú àwòrán dúró láti ọdún 1995. Ẹ tẹ bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ìyàlẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n 10x42 wọn lé ní kìlógíráàmù kan, bátìrì sì lè kú nígbà tí ẹyẹ tí ẹ ti ń wá láti ọdún mẹ́ta bá yọjú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo bí gbàgede rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó

Gbàgede ni mo ń pe ìwọ̀n ilẹ̀ tí ẹ lè rí láì yí orí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní mítà fún mítà 1,000, tàbí ní dígírì. Dígírì kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 17.5. Nínú 8x42, èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sábà máa ń wà láàárín mítà 110 sí 130. Nikon Monarch M7 jẹ́ 145. Zeiss Victory SF jẹ́ 148. Nígbà tí Swarovski gbé NL Pure jáde ní 2020, wọ́n gbé e dé 159.

Nítorí kí ni wọ́n fi ń bá ara wọn du mítà mẹ́wàá? Nítorí àwọn òǹwẹyẹ ni. Ọdẹ mọ ibi tí ẹran máa gbà jáde; ó ti dojú kọ ibẹ̀. Ẹyẹ kì í sọ ibi tí òun ń lọ. Gbàgede tó fẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ rí i nígbà tó bá fò kúrò, kí ẹ má máa wá ẹ̀ka tó bà lé kiri bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lókùnkùn.

Ẹ tún wo etí gbàgede náà. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àárín ń mọ́ kedere, etí ń ṣe bàìbàì. Àwọn ilé-iṣẹ́ gbọ́, wọ́n fi gíláàsì kún inú rẹ̀ tó ń mú kí àwòrán tẹ́jú dé etí. Swarovski ṣe èyí sí báínókúlà EL wọn ní nǹkan bí ọdún 2010, inú ọ̀pọ̀ dùn. Àmọ́ àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ pé bí àwọn bá ń yí orí lọ, ilẹ̀ ń yí bíi bọ́ọ̀lù níwájú àwọn, òòyì sì ń kọ́ àwọn. Ojú kálukú ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ gbé e sójú kí ẹ sì máa yí lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: èyí tó ní èjìká àbí èyí tó gùn gbọọrọ?

Àwòrán tí gíláàsì iwájú ń mú wá, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Prism, ègé gíláàsì onígun kan tó wà nínú awò, ló ń yí i padà. Ignazio Porro ará Ítálì gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí tirẹ̀ ní 1854. Ní 1894 ni ilé-iṣẹ́ Zeiss ní Jena, nílẹ̀ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta báínókúlà tó ní irú prism bẹ́ẹ̀. Òun ni èyí tí gíláàsì iwájú rẹ̀ jìnnà síra ju ojú lọ, tó dà bíi pé ó ní èjìká. Irú kejì, tí ọ̀pá méjèèjì rẹ̀ gùn tààrà, prism onígun òrùlé ló wà nínú rẹ̀.

Ti Porro rọrùn láti ṣe dáadáa. Ti òrùlé le: ó máa ń la ìmọ́lẹ̀ sí méjì, ó sì tún máa ń pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán á wá rọ̀ díẹ̀ bí aṣọ tí wọn kò lọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ra awò gbọọrọ olówó ńlá ń rí ohun tí kò mọ́ tó ti ẹni tó ra Porro ní ìdajì owó rẹ̀. Síbẹ̀, gbọọrọ ni oníbàárà ń fẹ́. Ó tín-ín-rín, ó rọrùn láti dì pa kí omi má wọlé, kò sì ń gbá ènìyàn láyà bí a bá ń rìn. Zeiss ló wá rí ọ̀dà tín-ín-rín kan tí wọ́n ń fi kun prism náà ní 1988, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì padà bára mu. P tí mo ní kí ẹ wá lára Dialyt nìyẹn. Gbogbo àwọn yòókù tẹ̀lé e.

Báyìí, àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ń fi irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kun prism awò tí kò tó 200 dọ́là. Porro ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lórí àtẹ, kì í sì í ṣe pé ó burú. Tí owó yín kò bá pọ̀, tí ẹ kò sì kọ ìwúwo, ẹ wá Porro tí omi kò lè wọ̀ bíi Nikon Action EX 8x40. Yóò wúwo lọ́rùn yín, ó lé ní gíráàmù 850, ṣùgbọ́n ojú yín kò ní dá yín lẹ́bi. Porro tí omi lè wọ̀, ẹ má rà á fún ilẹ̀ olójò bíi tiwa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọ̀

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun: àwọ̀ la fi ń mọ ẹyẹ láti ayébáyé. Awò tó bá ń ba àwọ̀ jẹ́ ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi dé inú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà: málímbè Ìbàdàn, ìbátan ẹ̀gà, tí Elgood ti yunifásítì Ìbàdàn kọ nípa rẹ̀ fún ayé ní 1958. Akọ rẹ̀ dúdú, ó sì pupa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn málímbè mìíràn tó ń bá a rìn nínú igbó náà dúdú, wọ́n sì pupa. Ọ̀kan pupa lábẹ́ ìrù. Ọ̀kan pupa ní àtàrí dé ẹ̀yìn ọrùn, ọ̀fun rẹ̀ dúdú. Ti Ìbàdàn, pupa náà sọ̀kalẹ̀ láti orí dé àyà. Òkè igi ni wọ́n wà, ẹ̀yin wà nísàlẹ̀, ojú ọ̀run funfun báláú lẹ́yìn wọn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, wọ́n ti lọ.

Awò tí gíláàsì rẹ̀ kò dára, etí gbogbo ẹ̀ka tó kọjú sí ojú ọ̀run yóò ní ilà àlùkò ní apá kan, ilà ewé ní apá kejì. Pupa àyà ẹyẹ yóò di búráùn ìdọ̀tí. Ẹ ó mọ̀ pé málímbè ni, ẹ kò ní mọ èwo. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń lo gíláàsì tí wọ́n ń pè ní ED, tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ pínyà. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé-iṣẹ́ ti mọ̀ pé a ń wá lẹ́tà méjì yìí, nítorí náà wọ́n ń kọ ọ́ sára ohun tí kò yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ má wo lẹ́tà. Ẹ wo wáyà iná tàbí irin ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n lórí òrùlé tó kọjú sí ojú ọ̀run, kí ẹ wo etí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi ẹnu gbà

Ìtòsí. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ awò kò lè rí ohun tó súnmọ́ tó mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni ń fi awò wo ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn òǹwẹyẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo labalábá àti lamilami ní ọ̀sán tí ẹyẹ bá ti dákẹ́, wọ́n ń pariwo, àwọn ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún un mọ́lé. Mítà 2 ti di ohun tí à ń retí. Zeiss SF dé 1.5. Pentax tilẹ̀ ṣe Papilio tó ń rí ohun tó wà ní ìdajì mítà. Bí ẹ bá ní àyè, ẹ wo bàtà ara yín nínú rẹ̀.

Awò ojú. Tí ẹ bá ń lo awò ojú, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ pé ojú lè jìnnà sí i tó mìlímítà 16 ó kéré tán, tí rọ́bà ojú rẹ̀ sì ń yí wọlé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbàgede tí ẹ sanwó fún á di ojú ihò kọ́kọ́rọ́.

Omi. Kí wọ́n dì í pa, kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ nitrogen tàbí argon kún inú rẹ̀. Níbi tí a wà, lórí èyí, ẹ má gba ohun tó kéré sí bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ ara rẹ̀. Zeiss, Swarovski, Vortex, gbogbo wọn ló ń ṣe awò ìbọn. Ọdẹ jẹ́ oníbàárà pàtàkì fún wọn, nítorí náà ẹ ó rí èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ aṣọ sójà. Ní Nàìjíríà, ẹ má gbé irú rẹ̀ kọ́rùn dé ibi tí àwọn agbófinró ti ń dá mọ́tò dúró. Dúdú tàbí àwọ̀ ewé lásán tó.

Ìgbésẹ̀ keje: owó, àti ẹni tó ń ṣe é gan-an

Orúkọ tó wà lára rẹ̀ lè má jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ní Ṣáínà àti Jàpáánù ló ń ṣe fún ọ̀pọ̀ orúkọ. Wọ́n á yí rọ́bà ìta padà, wọ́n á yí àpótí padà. Zeiss fúnra wọn, Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe Terra ED wọn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé awò méjì tí owó wọn yàtọ̀ lè jẹ́ ìbejì.

Bí mo ṣe rí i nìyí: kí owó tó dé 100 dọ́là, ẹ ń ta tẹ́tẹ́. Láàárín 130 sí 250, ẹ ó rí awò tó lè sìn yín fún ọdún púpọ̀. Láti 300 sí 500, ẹ ti rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí awò lè ṣe. Kọjá ibẹ̀, ẹ ń san owó ńlá fún ìyàtọ̀ kékeré, títí ẹ ó fi dé nǹkan bíi 3,000 dọ́là, níbi tí NL Pure àti SF wà. Mo ti fi ọ̀kan nínú wọn wo ẹyẹ fún wákàtí kan, n kò ní parọ́, ó dùn. Mo dá a padà fún olówó rẹ̀ kí ó tó di àṣà. Ní 2024 Swarovski tún gbé AX Visio jáde, 10x32 tó ń sọ orúkọ ẹyẹ fún yín nínú awò, owó rẹ̀ lé ní 4,000 dọ́là. Fóònù yín àti ohun ẹyẹ tí ẹ gbà sílẹ̀ lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ wáràńtì náà. Vortex sọ pé àwọn á tún tiwọn ṣe títí ayé, ẹnì yòówù kó ní i lọ́wọ́, láìbéèrè rìsíìtì. Ará Amẹ́ríkà ni ìlérí yẹn rọrùn jù fún láti lò, owó rẹ̀ sì ti wà nínú iye tí ẹ san. Ẹni tó wà ní Òṣogbo, kó tó lo wáràńtì náà, ó lè ní láti san owó ìfiránṣẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀ tó ń bọ̀ wálé lọ́dọọdún, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ń gba ọjà padà, kí wọ́n sì ṣe ìdánwò tó kàn yìí kí wọ́n tó dì í sínú àpótí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìdánwò ṣáájú kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ na ọwọ́, ẹ wo òbíríkítí méjèèjì inú gíláàsì ẹ̀yìn. Kí wọ́n yípo rekete. Bí etí wọn bá gé bí ẹni pé wọ́n fẹ́ di onígun mẹ́rin, prism olówó pọ́ọ́kú ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ gílóòbù nínú gíláàsì iwájú. Bí ó bá ń tàn padà ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò tó ṣókùnkùn, wọ́n kùn ún dáadáa. Bí ó bá funfun bíi ti dígí fèrèsé, wọn kò kùn ún.

Ẹ wo etí òrùlé tó jìnnà. Ẹ máa gbé awò náà kúrò lójú díẹ̀díẹ̀ láìmú ojú kúrò lára òrùlé. Bí òrùlé náà bá di méjì, tí ọ̀kan ga ju ìkejì lọ, ọ̀pá méjèèjì kò wo ọ̀gangan kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ pé ojú yín yóò mọ́ ọn lára. Orí fífọ́ ni yóò mọ́ yín lára.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú gíláàsì iwájú, ẹ wo ó láti ẹ̀gbẹ́. Ohun funfun tó na bí òwú aláǹtakùn, ebu ni. Ó ń jẹ gíláàsì, kò sì sí ohun tí ẹ máa fi nù ún. Ẹ dá a padà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: nílé

Ọ̀pọ̀ ló ń dá awò lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé wọn kò tò ó sí ojú wọn. Ẹ ṣí i tàbí ẹ pa á títí òbíríkítí méjèèjì fi di ẹyọ kan. Ẹ fi ọwọ́ bo gíláàsì iwájú ti ọ̀tún, ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín títí lẹ́tà ara pátákó kan yóò fi mọ́ kedere ní ojú òsì. Ẹ wá bo ti òsì, ẹ yí òrùka kékeré tó wà ní ojú ọ̀tún (nínú àwọn kan, inú kẹ̀kẹ́ àárín ló wà) títí lẹ́tà náà yóò fi mọ́. Ẹ wo ibi tí àmì òrùka náà dúró sí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé yí i.

Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ ní yanrìn wẹ́wẹ́ nínú. Bí ẹ bá fi etí bùbá nu gíláàsì, ẹ ń fi yanrìn ha á ni. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò ná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kí ẹ tó mí èémí sí i, kí ẹ sì fi aṣọ awò tó mọ́ nù ún. Nígbà òjò, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú àpò aláwọ. Ike tó ní ìdérí ni kí ẹ lò, pẹ̀lú àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà, èyí tí wọ́n ń kọ "má jẹ ẹ́" sí. Èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wa jù wọ́n nù mọ́.

Ó ku bí a ṣe ń gbé e sójú. Ẹ tẹjú mọ́ ẹyẹ náà, ẹ má wo awò. Láìmú ojú kúrò, ẹ gbé awò wá bá ojú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ ti sọ ẹyẹ nù. Ẹ wá ọ̀pẹ tí ẹ̀gà kọ́ ilé sí, kò wọ́n ní àdúgbò kankan. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń já imọ̀, wọ́n ń jà, wọn kò rí tiyín rò. Ẹ dúró ní mítà 20, ẹ yan ọ̀kan, ẹ gbé awò sójú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ yan òmíràn. Nígbà tí ẹ bá ti ń bá a ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ lè lọ wá málímbè.